Ǹjẹ́ Itauma Ti Tó Ẹni Tí Í Bá Ọ̀gá Àgbáyé Jà?

Ní ọjọ́ 16, oṣù August, ọdún 2025, ní ìlú Riyadh ní ilẹ̀ Saudi Arabia, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21, Moses Itauma ni orúkọ rẹ̀, lu Dillian Whyte bolẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 119. Ẹni tí ó bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó rí àga rẹ̀ ti pàdánù ìjà náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti ń pariwo pé kí wọ́n má ṣe fi àkókò ṣòfò mọ́, kí wọ́n mú ọmọ náà lọ bá Oleksandr Usyk, ará Ukraine, tí ó jẹ́ ọ̀gá pátápátá ní ọdún náà láàárín àwọn abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò tí wọ́n wúwo jù lọ ní gbogbo ayé. Ariwo náà kò yọ ilẹ̀ wa sílẹ̀. Láti Ìkòròdú dé Ìtamàga, títí dé Ẹ̀pẹ́, níbikíbi tí ọ̀dọ́ mẹ́ta bá ti péjọ sí ìdí ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu, ẹni tí kò sì tíì wọ agbo ìjà rí ni ohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù. Àwa náà fẹ́ dá sí i, nítorí pé ara àti ọjọ́ iwájú ọmọ ènìyàn ni à ń sọ, kì í ṣe ti àkùkọ tí a ń sìn fún ìjà.

Ta ni Itauma? Ìlú Kežmarok ní ilẹ̀ Slovakia ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 28, oṣù December, ọdún 2004. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Slovakia ni ìyá rẹ̀, ìlú Chatham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì dàgbà sí. Oṣù January ọdún 2023 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà gbowó. Títí di ìparí ọdún 2025, ó ti ja ìjà 13, kò sí ẹni tí ó borí rẹ̀, àwọn 11 nínú wọn kò sì bá a parí ìjà. Ọ̀kan nínú wọn ni Mike Balogun ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ẹnikẹ́ni kò tíì borí Balogun rí títí di oṣù May ọdún 2025, tí Itauma fi dá ìjà rẹ̀ dúró ní abala kejì ní ìlú Glasgow.

Iṣẹ́ ńlá ni èyí, a kò sì ní bu ọlá rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ Itauma pọ̀. Àkísà rẹ̀ ni àwa ń bèèrè. Ìjà oyè jẹ́ abala 12, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Nínú gbogbo ìjà 13 yẹn, ọmọ náà kò tíì kọjá abala kẹfà rí. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí yóò ṣe ní abala kẹsàn-án, nígbà tí apá bá wúwo bí òjé, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bọ́ sí ojú, tí ẹni tí ó ti lù lálùbolẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tún dìde tí ó ń bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé wa mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: a fún un ní ìṣirò, ó ti ṣe é tán kí àwọn yòókù tó gbé gègé, a fò ó láti kíláàsì kejì sí ìkarùn-ún, inú bàbá rẹ̀ sì dùn. Ìgbà tí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ní ìkẹta àti ìkẹrin bá wá yọjú ni ẹkún máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kí á má lọ jìnnà. Ṣágámù ni ìdílé Anthony Joshua ti wá. Ìtàn sì fi yé wa pé ọmọ Akarigbo kan ni ó tẹ Ìkòròdú dó, nítorí náà bí ará Ìkòròdú bá pe Joshua ní mọ̀lẹ́bí, kò jẹ̀bi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí Joshua sí ní 1989, ṣùgbọ́n ó fi ìgbà díẹ̀ gbé ilé-ìwé Mayflower ti Tai Solarin ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tí ó wà ní kékeré. Ó gba wúrà Olympic ní London ní 2012. Ní oṣù December ọdún 2015, ó pàdé Dillian Whyte, Whyte kan náà yìí, nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀. Whyte mì í tìtì ní abala kejì, ó sì di abala keje kí Joshua tó borí. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn èyí, ní ìjà rẹ̀ kẹrìndínlógún, ó gba ìgbànú oyè lọ́wọ́ Charles Martin ní abala kejì péré. Gbogbo wa jó. Ṣùgbọ́n Martin kò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí oyè náà, kò sì dán ọmọ wa wò rárá.

Ọjọ́ 29, oṣù April, ọdún 2017 ni ìdánwò tòótọ́ dé, ní Wembley, níwájú èrò 90,000. Joshua gbé Wladimir Klitschko ṣánlẹ̀ ní abala karùn-ún. Ní abala kẹfà, Klitschko gbé òun náà ṣánlẹ̀. Ó dìde, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń mí gúlegúle, síbẹ̀ ó fara dà á títí di abala kọkànlá, nígbà tí ó parí ìjà náà. Ní tiwa, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ó di ọ̀gá, kì í ṣe ọjọ́ tí ó gba ìgbànú. Àkísà tí ó gbà lọ́wọ́ Whyte wúlò fún un ní Wembley. Èyí náà kò sì tó fún gbogbo ìgbà: ní oṣù June ọdún 2019, Andy Ruiz, ẹni tí wọ́n pè wá láti fi dípò ẹlòmíràn, gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin ní New York.

Ẹ tún wo Dick Tiger, ọmọ Amaigbo. Nígbà tí ó dé Liverpool ní 1955, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ó jà níbẹ̀ ni ó pàdánù. Lóde òní, àwọn olówó ìjà ìbá ti lé e lọ sílé. Ní oṣù October ọdún 1962, ọkùnrin náà gba oyè àgbáyé lọ́wọ́ Gene Fullmer. Ní oṣù August ọdún 1963, ní pápá ìṣeré Liberty tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ sí Ìbàdàn, Fullmer kò lè dìde fún abala kẹjọ.

A mọ ohun tí àwọn tí kò gbà pẹ̀lú wa yóò sọ. Wọn yóò ní Leon Spinks gba oyè lọ́wọ́ Muhammad Ali ní oṣù February ọdún 1978, nígbà tí ìjà rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ péré. Òtítọ́ ni, Ali gbà á padà ní oṣù September ọdún náà, Spinks kò sì rí i gbà mọ́ láéláé. Wọn yóò ní Mike Tyson jọba ní ọmọ 20 ọdún ní 1986. Òtítọ́ nìyẹn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìjà 27 ni Tyson ti jà kí ó tó dé iwájú Trevor Berbick. Wọn yóò ní Usyk ń darúgbó, bí a bá dúró jù, arúgbó ni ọmọ náà yóò lù. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí ẹni ọdún 41 ni Klitschko ní Wembley. Àmọ́ ẹni ọdún 37 ni Usyk nígbà tí ó bá Tyson Fury ja abala 12 lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún kan, 2024, tí ó sì borí nínú méjèèjì. Ní oṣù July ọdún 2025, ó lu Daniel Dubois bolẹ̀ ní abala karùn-ún. Arúgbó wo nìyẹn?

Nítorí náà, lórí ohun tí ojú ti rí títí di ìparí ọdún 2025, ìdáhùn wa ni pé rárá, kò tíì tó. Kí wọ́n wá ẹni tí kì í tètè ṣubú fún un, ẹni tí yóò bá a dé abala kẹwàá, kí ó sì ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Bí wọ́n bá mú un dé iwájú ọ̀gá àgbáyé láìtíì mọ bí abala keje ti rí, àwa kò ní pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó ṣètò ìjà náà, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ni ó borí.