Òjò-Dídì ní Ilẹ̀ Áfíríkà

Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa bá ohun kan pàdé nínú rẹ̀ tí ojú àwọn baba wa kò rí rí. Yìnyín ni àwa mọ̀, èyí tí í máa ró pàpàpà lórí páànù nígbà ìjì. Ṣùgbọ́n èyí tí í bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú, tí ó sì bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, òjò-dídì ni wọ́n pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì rò pé ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni ó wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní gúúsù Áfíríkà, lórí àwọn òkè Maluti ní ilẹ̀ Lesotho, ibi ìgbafẹ́ kan wà tí à ń pè ní Afriski. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ lórí òjò-dídì. Bí èyí ti ṣeé ṣe ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ṣòro fún láti gbàgbọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1848, Johannes Rebmann, tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán sí ìlà-oòrùn Áfíríkà, rí òkè Kilimanjaro tí orí rẹ̀ funfun. Ará Württemberg ní Jámánì ni, bí David Hinderer tí ó wá sí Ìbàdàn wa ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ìròyìn náà dé Lọ́ńdọ̀nù, W. D. Cooley, ọ̀mọ̀wé tí ó fi ìwé kíkà mọ ilẹ̀ Áfíríkà, kọ̀ jálẹ̀ pé ojú ni ó tan ọkùnrin náà, nítorí òkè náà súnmọ́ agbedeméjì ayé. Ó di ọdún 1862 kí Von der Decken àti Kersten tó gun apá kan òkè náà, tí òjò-dídì sì rọ̀ lé wọn lórí.

Jíjìnnà sí agbedeméjì ayé ni Cooley wò, kò ka gíga sí. Ẹlòmíràn lè bèèrè pé, ẹni tí ó gun òkè ṣá ti súnmọ́ oòrùn sí i, èéṣe tí òtútù fi ń mú un? Ìtànṣán oòrùn ń la afẹ́fẹ́ kọjá bí ó ti ń la gíláàsì kọjá, kò sì mú un gbóná púpọ̀. Ilẹ̀ ni ó ń gba ooru náà. Ẹ fi ọwọ́ kan páànù ilé kan ní Bẹẹrẹ ní ọ̀sán gangan, ẹ ó mọ ohun tí mo ń wí. Ilẹ̀ ni ó wá ń mú afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ gbóná. Bí afẹ́fẹ́ náà bá sì ti ń gòkè ni ó ń fẹ̀, tí ooru rẹ̀ ń dínkù. Àwa ìsàlẹ̀ dàbí ẹni tí ó fi aṣọ òfì bora. Aṣọ tín-ín-rín ni ti ará òkè, ooru rẹ̀ a sì sá lọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí a bá gun 1,000 mítà, ooru a máa dínkù ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 àbọ̀ ti Sẹ́lṣíọ́sì. Ẹni tí ó ti Bẹẹrẹ gun òkè Mápó kò ní rí ìyàtọ̀ kan, àfi òógùn.

Ní Nàìjíríà, kí ẹni tí ó fẹ́ mọ òtútù òkè lọ sí Obudu, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù, níbi tí a dá ọgbà màlúù sílẹ̀ ní ọdún 1951, tí ó sì di ibi ìgbafẹ́ lẹ́yìn náà. Ó ga tó nǹkan bí 1,600 mítà. Bí ooru Kàlàbá bá jẹ́ 27, ti Obudu yóò jẹ́ nǹkan bí 17. Omi kì í sì í dì títí yóò fi dé 0. Ìkùukùu ni ẹ ó bá níbẹ̀.

Lesotho yàtọ̀. Ibi tí ó rẹlẹ̀ jù ní ilẹ̀ náà ga tó 1,400 mítà. Afriski ga ju 3,000 lọ, ó sì jìnnà sí agbedeméjì ayé. Oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni ìgbà òtútù wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ìgbà ooru ni òjò wọn ń rọ̀. Ìgbà òtútù gbẹ bí ìgbà ọyẹ́ wa. Òjò-dídì a máa bọ́, kò kàn ṣeé gbẹ́kẹ̀lé ni. Nítorí náà ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tú omi sí ojú ọ̀run ní òru, omi náà a sì dì kí ó tó balẹ̀. Ọ̀nà funfun kan, tí ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 1, ni ẹ ó rí, koríko gbígbẹ sì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀.

Ẹ má ṣe pe èyí ní eré lásán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi ìwakùsà ní South Africa ni àwọn ọkùnrin Basotho ti ń wá oúnjẹ. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni a ti ń dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn padà sílé. Ní orí òkè tí ó jẹ́ pé àgùntàn ni ohun ìní ibẹ̀, ẹni tí ó bá rí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní ilé ìdáná tàbí níbi ìyánilò pátákó kò ní fi í ṣeré.

Ayé sì ń gbóná sí i. Láti ọdún 1912 dé 2011, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún yìnyín orí Kilimanjaro tí ó yọ́ lọ. Ẹ̀rọ Afriski pàápàá kò lè sọ omi di òjò-dídì ní òru tí kò bá tutù tó.