Diphtheria: Kí ló dé tí ara fi nílò ju abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ẹ̀kan lọ láti borí oró inú ọ̀fun?

Kí ọ̀fun máa dun ọmọ kì í ṣe ohun tuntun nílé ọlọ́mọ. Ọ̀pọ̀ òbí á fún ọmọ ní omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná, wọ́n á sì máa retí kí ó san láàárín ọjọ́ mélòó kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń san lóòótọ́.

Àmọ́ láti ìparí ọdún 2022, irú ọ̀fun dídùn kan tí kì í san bẹ́ẹ̀ tún gbérí ní Nàìjíríà. Diphtheria ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń sọ èdè Hausa ń pè é ní mashako. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, àjọ tó ń rí sí ìdènà àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, NCDC, kéde pé àrùn náà ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kano àti Èkó.

Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún náà, NCDC ní àyẹ̀wò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èèyàn 798 ló ti ní àrùn náà, 80 nínú wọn sì ti kú. Kano ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá, àmọ́ Èkó àti Ọ̀ṣun náà wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ti rí i. Àwọn ọmọ ọdún 2 sí 14 ló pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dún kan náà, àrùn yìí tún jà ní orílẹ̀-èdè Niger àti Guinea.

Nínú gbogbo nọ́ńbà tí NCDC kà sílẹ̀, ọ̀kan wà tó yẹ kí òbí fi sọ́kàn: 654 nínú àwọn 798 yìí ni kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àrùn náà.

Kí ni abẹ́rẹ́ ọ̀hún ń ṣe nínú ara gan-an? Kí sì ló dé tí àwọn onímọ̀ ìlera fi ń sọ pé èyí tí ọmọ gbà nígbà tó wà ní ìkókó nìkan kò tó?

Kí ni ara máa ń ṣe bí kòkòrò bá gba imú wọlé?

Ara kì í fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́. Irun inú imú àti ikun ló máa ń kọ́kọ́ mú ekuru àti kòkòrò tí a bá fà símú. Nínú ọ̀nà èémí, àwọn irun tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí máa ń gbá ìdọ̀tí padà sókè, kí a lè wú u jáde tàbí kí a gbé e mì.

Bí kòkòrò bá ráyè kọjá ibẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó máa ń gbé kòkòrò mì á dìde sí i. Àwọn wọ̀nyí kì í béèrè irú kòkòrò tó dé. Ohunkóhun tó bá ti jẹ́ àjèjì ni wọ́n ń bá jà. Ìjà yìí ló ń fa kí ọ̀fun pọ́n, kí ó wú, kí ara sì gbóná. Ibà tó ń mú aláìsàn lákòókò yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kòkòrò nìkan, iṣẹ́ ara fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ ogun tó mọ ọ̀tá dunjú á tó jáde. Inú àwọn kókó bíi èyí tó máa ń yọ sí abẹ́ àgbọ̀n ni wọ́n ti máa ń gbára dì. Níbẹ̀ ni ara ti máa ń wá sẹ́ẹ̀lì tí ohun ìjà rẹ̀ bá ọ̀tá tó dé mu, tí yóò sì sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun ìjà yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní antibody. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀tá, kò sì ní jẹ́ kó ríṣẹ́ ṣe.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ara máa rí ọ̀tá kan nìyẹn, ìmúrasílẹ̀ yìí lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ogun bá parí tán, díẹ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á ṣẹ́kù tí wọn kò ní gbàgbé ojú ọ̀tá. Bí ọ̀tá kan náà bá padà wá, wọ́n á tètè dìde. Ìrántí yìí ni gbogbo iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára dá lé.

Oró ni Diphtheria fi ń pa èèyàn

Ọ̀pọ̀ àrùn ọ̀nà èémí ló jẹ́ pé kòkòrò wọn fúnra rẹ̀ ló ń wọ inú ara lọ ṣọṣẹ́. Ti Diphtheria yàtọ̀. Bakitéríà tó ń fà á sábà máa ń jókòó sí ọ̀fun tàbí imú ni, oró tó ń pèsè ló ń rán jáde bí ẹni ń ta ọfà.

Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo bakitéríà irú rẹ̀ ló ní oró. Èyí tí fáírọ́ọ̀sì kan bá ti wọ̀ lára, tó sì gbé àṣẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe oró náà fún un, nìkan ló lè pèsè rẹ̀.

Bí oró náà bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà lè pèsè protein mọ́, láìpẹ́ yóò kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, ẹ̀jẹ̀ àti bakitéríà á wá para pọ̀ di awọ eléérú kan tó nípọn nínú ọ̀fun. Awọ yìí lè dí ọ̀nà èémí. Ọrùn ọmọ náà sì lè wú débi pé yóò tóbi bí ọrùn màlúù.

Ibi tó burú jù ni pé oró náà kì í dúró sí ọ̀fun. Ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn, iṣan àti kíndìnrín. Nítorí náà, ọmọ kan lè dà bí ẹni pé ọ̀fun rẹ̀ ti ń san, kí ọkàn rẹ̀ sì dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Láàárín ọjọ́ 2 sí 5 lẹ́yìn tí kòkòrò bá wọlé ni àìsàn náà sábà máa ń fara hàn. Ara tí kò mọ̀ ọ́n rí ṣì ń wá ohun ìjà lákòókò yẹn, oró sì ti ń ṣiṣẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé bí ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kò bá rí ìtọ́jú tó péye, nǹkan bíi 30 nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn ló lè kú.

Kí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ ara?

Ní ọdún 1890, Emil von Behring ọmọ Jámánì àti Shibasaburo Kitasato ọmọ Japan fi hàn ní ìlú Berlin pé ẹ̀jẹ̀ ẹranko tó bá ti la oró irú èyí já ní ohun kan nínú tó lè dáàbò bo ẹranko mìíràn. Ní ọdún 1901, Behring gba àmì ẹ̀yẹ Nobel lórí ìmọ̀ ìṣègùn, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1920, Gaston Ramon ní ilé ìwádìí Pasteur nílẹ̀ Faransé rí i pé bí wọ́n bá fi kẹ́míkà formalin àti ooru ṣiṣẹ́ lórí oró náà, kò ní lè ṣèèyàn léṣe mọ́, àmọ́ ìrísí rẹ̀ kò ní yí padà. Oró tí wọ́n ti yọ eyín rẹ̀ yìí ló wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára títí di òní.

Bí nọ́ọ̀sì bá gún ọmọ lábẹ́rẹ́ ní itan, ara á rí ohun tó jọ oró, yóò sì pèsè ohun ìjà dè é. Ibi tí wọ́n gún lè wú, ara ọmọ sì lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ti dìde. Kò sí bakitéríà Diphtheria nínú abẹ́rẹ́ náà, nítorí náà kò lè fún ọmọ ní àrùn náà. Àwọn àgbà ló ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.

Ní Nàìjíríà, inú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Pentavalent ni èyí wà. Ó tún ń dènà tetanus, ikọ́ Pertussis, Hepatitis B àti kòkòrò Hib tó ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn. Nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni wọ́n ń fún un. Ẹ̀ẹ̀kíní ló ń fi ọ̀tá han ara. Ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta ló ń jẹ́ kí ohun ìjà pọ̀, kí ó sì mú dáadáa. Ọmọ tó gba ẹyọ kan tí wọn kò sì gbé padà lọ kò tíì ní ààbò tó tó.

Ṣé ẹni tó ti ní Diphtheria rí kò nílò abẹ́rẹ́ mọ́?

Ó nílò rẹ̀. Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, torí ohun tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé àrùn kan téèyàn bá ti ṣe là kì í sábà ṣe é mọ́.

Ìdí ni pé oró yìí lágbára púpọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó lè dá èèyàn gúnlẹ̀ lè má tó ohun tí ara máa fi kọ́ ẹ̀kọ́. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi máa ń fún ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń yá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ó tó gbàgbé ilé ìwòsàn.

Kí ló dé tí ààbò náà fi ń dín kù?

Ara kì í fi gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ sójú ogun títí ayé. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún tí kò rí ọ̀tá, antibody inú ẹ̀jẹ̀ á máa dín kù. Bí oró náà bá dé lójijì, èyí tó ṣẹ́kù lè má kájú rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ Soviet Union tẹ́lẹ̀ fojú rí i láàárín ọdún 1990 sí 1998. Ó lé ní 150,000 èèyàn tí Diphtheria mú níbẹ̀, nǹkan bíi 5,000 sì kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọdé, àgbàlagbà ni wọ́n.

Nítorí èyí, WHO ní kí wọ́n fún ọmọ ní mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn mẹ́ta àkọ́kọ́: ọ̀kan láàárín oṣù 12 sí 23, ọ̀kan láàárín ọdún 4 sí 7, àti ọ̀kan láàárín ọdún 9 sí 15. Nígbà tí àrùn náà ń jà ní Nàìjíríà lọ́dún 2023, wọ́n lo abẹ́rẹ́ Td, tó ń dènà tetanus àti Diphtheria, fún àwọn ọmọ tó ti ju ìkókó lọ.

Èyí yàtọ̀ sí ti COVID-19 àti àrùn flu. Àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ìyẹn máa ń pààrọ̀ aṣọ, débi pé ara lè má tètè dá wọn mọ̀ mọ́. Oró Diphtheria kì í pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọgbọ́n Ramon fi ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìrántí ara ló ń fẹ́ ìránnilétí.

Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ṣì lè gbé kòkòrò náà

Nítorí pé oró ni abẹ́rẹ́ náà ń bá jà, kò fi dandan lé bakitéríà kúrò lọ́fun. Ẹni tó ti gbà á lè gbé kòkòrò náà káàkiri láìṣàìsàn, kí ó sì fi ikọ́ tàbí sísín kó o ran ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ rí. Ààbò náà wà lára ẹni tó gba abẹ́rẹ́. Ọmọ tó jókòó tì í ní kíláàsì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀.

Iye tí àwọn onímọ̀ máa ń sọ pé ó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ kí àrùn náà má baà ríbi tàn kálẹ̀ jẹ́ 80 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún 2021 fi hàn pé 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba Pentavalent pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Àlàfo yẹn ni àrùn náà gbà wọlé.

Bí àrùn náà bá ti wọlé ńkọ́?

Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní antitoxin. Láti ara ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ti ń rí i: wọ́n á jẹ́ kí ẹṣin pèsè antibody, wọ́n á wá yọ ọ́ fún aláìsàn. Ohun ìjà tí ara kò tíì rí àyè ṣe ni wọ́n yá a yìí.

Àmọ́ oró tó ṣì ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni antitoxin lè mú. Èyí tó bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí dókítà kì í fi í dúró de èsì àyẹ̀wò kí ó tó fún aláìsàn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kò pọ̀ lágbàáyé, ó sì ṣọ̀wọ́n lákòókò tí àrùn náà ń jà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n tún máa ń lo oògùn bíi erythromycin tàbí penicillin láti pa bakitéríà náà, wọ́n sì máa ń fún àwọn tó ń gbé pẹ̀lú aláìsàn náà ní oògùn.

Àwọn àmì tó yẹ kí òbí tètè torí rẹ̀ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ni:

- ọ̀fun dídùn àti ibà, pẹ̀lú awọ eléérú nínú ọ̀fun
- ọrùn tó wú
- kí ó ṣòro fún ọmọ láti mí tàbí láti gbé oúnjẹ mì

Kí òbí má ṣe gbìyànjú láti ha awọ náà kúrò, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn.

Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára Pentavalent ní àwọn ilé ìlera ìjọba ní Nàìjíríà. Òbí tó bá wo káàdì ọmọ rẹ̀ tó sì rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta kò pé lè gbé e lọ, kí wọ́n máa bá a lọ láti ibi tí wọ́n dé. Kò sí ìdí láti tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí káàdì bá ti sọnù, ìyẹn náà kò ní kí wọ́n má lọ. Abẹ́rẹ́ tí ọmọ bá ṣèèṣì gbà lé kì í ṣe ewu tó tó èyí tí kò gbà rárá.