Òtútù Àyà Tí A Kó Ní Ilé Ìwòsàn: Ìṣòro Orúkọ Kan

Láti Àìlégún sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìsọlọ̀ kò jìnnà. Bí àìsàn bá sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, a lè gbé aláìsàn dé Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó wà. Ẹni tó bá dé iyàrá ìtọ́jú àkànṣe, tí wọ́n ti rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ń bá a mí, ohun tó gbé e wá lè máa sàn lọ kí dókítà tó wá sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé òtútù àyà ti mú un. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e kò ṣòro láti mọ̀: ta ló jẹ́ kí òtútù fẹ́ sí i? Wọn a wo ẹ̀rọ amúlétutù, wọn a wo fèrèsé, wọn a sì ní kí wọ́n fi aṣọ tó nípọn bò ó.

Èdè ló bí ìbéèrè yìí, kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Orúkọ náà, òtútù àyà, sọ ibi tí àrùn wà, ó sì dà bí ẹni pé ó sọ ohun tó fà á. Ti àkọ́kọ́ súnmọ́ òtítọ́. Ti èkejì ṣini lọ́nà. Kòkòrò àrùn ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tí àwọn àpò afẹ́fẹ́ wínníwínní inú rẹ̀ fi ń kún fún omi àti ọyún. Ẹni tí ara rẹ̀ le a máa fi ikọ́ lé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi oògùn mú sùn, tí rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀, kò lè wúkọ́ bó ti yẹ. Itọ́ ẹnu àti ohun tó ń gòkè láti inú ikùn a sì máa jò gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gbé orí ibùsùn sókè ní ìwọ̀n 30 sí 45 digírì, tí wọ́n ń tọ́jú ẹnu aláìsàn, tí wọ́n sì ń fọ ọwọ́ kí wọ́n tó kàn án. Ará ilé tí òtútù nìkan ń bà lẹ́rù lè tẹ́ ibùsùn náà pẹrẹsẹ kí ènìyàn rẹ̀ lè sinmi, kí ó sì fi ọwọ́ tí kò fọ̀ tún aṣọ bò ó.

Àwọn kan lè sọ pé orúkọ kò ju orúkọ lọ. Málaríà, láti inú èdè Ítálì, afẹ́fẹ́ búburú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà ní 1897, kò sẹ́ni tó pa orúkọ náà dà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́ afẹ́fẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọmọ Yorùbá ń gbọ́ òtútù yékéyéké. Ẹ fi wé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí ó sọ ohun tí àrùn ń ṣe láìdárúkọ ohun tó fà á, tí kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. (Àrùn yẹn gan-an ló bí iyàrá ìtọ́jú àkànṣe: nígbà tó jà ní Copenhagen ní 1952, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni ó ń fi ọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru láti bá àwọn aláìsàn mí, kí Bjørn Ibsen tó dá irú iyàrá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1953.)

Síbẹ̀, kò sí bí a ó ti pa òtútù àyà tì. Gbogbo ìyá ọlọ́mọ ló mọ̀ ọ́n. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí àwọn kan fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ fẹ̀ jù, nítorí pé ikọ́ àwúgbẹ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé orúkọ náà tún un ṣe. Òtútù àyà ilé ìwòsàn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí ẹ̀rọ amúlétutù náà ni yóò tún mú wá sọ́kàn. Gbà kò dára, nítorí pé ẹ̀bùn ni à ń gbà. Kó ni Yorùbá ń lò fún àrùn, kò sì di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Nípa ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá àmútọ̀runwá, a lè ṣẹ̀dá àkóníléèwòsàn, kí àmútiléwá sì dúró fún irú èyí tí aláìsàn gbé wọlé. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu gbà á. Àwọn oníṣègùn ti pa ààlà sáàárín méjèèjì: wákàtí 48. Bí aláìsàn bá wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí àmì sì hàn lálẹ́ ọjọ́ náà, àmútiléwá ni. Bí ó bá di Ọjọ́bọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, àkóníléèwòsàn ni.

Ti ẹ̀rọ náà kò le. Abánimí sàn ju amúnimí lọ, nítorí pé ó fi hàn pé iṣẹ́ aláìsàn ni ẹ̀rọ ń bá a ṣe, títí yóò fi lè dá a ṣe.

Ewu ni ó yẹ kí atúmọ̀ èdè ṣọ́ra fún jù. Bí a bá sọ fún ará ilé pé aláìsàn wà nínú ewu òtútù àyà, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ikú ti dé ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ sì ni àrùn náà kò tíì mú un rárá. Ó sàn kí a sọ ọ́ gùn: ó ṣeé ṣe kí ó kó òtútù àyà níbí, bí ọjọ́ tí ẹ̀rọ fi ń bá a mí bá sì ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣeé ṣe sí i, nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ bóyá ó ti lè dá mí.