Bọ́tìnnì Lórí Ọ̀kadà: Ẹ Má Tíì Ju Kọ́kọ́rọ́ Nù

Ẹ ti rí irú fídíò yẹn lórí fóònù yín: ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì, ọ̀kadà jí, kò sí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wu èmi náà. Bọ́tìnnì sítátà tó bá ọ̀kadà mi wá sì ti bàjẹ́ tipẹ́. Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ́wáyà kan. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi bọ́tìnnì méjì sí i: ọ̀kan ń tan iná, ìkejì ń yí sítátà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọ̀kadà ò tètè jí, mo ń tẹ̀ ẹ́ lémọ́lémọ́. Àfi òórùn rọ́bà tó ń jó! Mo fọwọ́ kan wáyà bọ́tìnnì, kíá ni mo fà á padà. Rẹ́wáyà wa ti mú gbogbo iná sítátà gba inú bọ́tìnnì kékeré yẹn kọjá. Iná tí sítátà ń fà pọ̀ jù fún un. Rìléè ló yẹ kó gbé e. Bọ́tìnnì á kàn pàṣẹ fún rìléè ni. Ọ̀kadà tó bá sì ní sítátà láti ilé iṣẹ́ ti ní rìléè yẹn nítòsí bátìrì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti ọwọ́ ọ̀kadà bọ̀ wá síbẹ̀ ni ẹ ó so bọ́tìnnì tuntun mọ́, kì í ṣe wáyà ńlá. (Tó bá jẹ́ oníkíìkì nìkan ni tiyín, bọ́tìnnì ò lè sọ ọ́ di onísítátà o. Ẹ fi owó yín sápò.)

Èyí tó já mi láyà jù nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, kì í ṣe bátìrì ló ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Inú ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ni CDI ti ń rí iná. Tí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́, ṣe ló máa ń so wáyà kan láti ara CDI mọ́ irin ara ọ̀kadà, kí ẹ́ńjìnnì lè kú. Bí wọ́n bá yọ kọ́kọ́rọ́, tí wáyà yẹn wá ń fì dirodiro ńkọ́? Mo dán an wò níwájú ilé: mo pa bọ́tìnnì, mo ta kíìkì lẹ́ẹ̀kan péré, ó jí. Olè kankan ì bá ti gùn ún lọ.

Torí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gé wáyà, ẹ ní kó fi mítà wò ó. Tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní pípa, tí wáyà CDI yẹn sì kan irin, irú tèmi ni. Rìléè ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún lè ṣe iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn, láti ẹsẹ̀ 87a. Ṣùgbọ́n bí fíúsì ẹ̀ bá já lórí eré, ẹ́ńjìnnì á kú lábẹ́ yín, kódà kí ó jẹ́ orí afárá pẹ̀lú tírélà lẹ́yìn. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà. Bọ́tìnnì kan ló kù, iṣẹ́ sítátà nìkan ló ń ṣe, mo sì fi rọ́bà bò ó nítorí òjò. Tí tiyín bá ti ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa.