"Parí" Kì í Ṣe "Gboyè": Èdè-Ìperí fún Ìlapa Kọ́ọ̀sì àti Òfin Oyè Gíga

Bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá ti yege nínú kọ́ọ̀sì tí ó kẹ́yìn, ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń wí ni pé ó ti parí. Ọ̀rọ̀ náà tọ́ lẹ́nu ará ilé. Ṣùgbọ́n bí ògbufọ̀ bá gbé ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yìí wọ inú ìwé òfin oyè, ó ti ṣi ènìyàn lọ́nà nìyẹn. Ẹni tí ó ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé lè yege nínú gbogbo kọ́ọ̀sì, kí iye yúnìtì rẹ̀ sì pé, síbẹ̀ kí àpilẹ̀kọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ alábòójútó. Ó tún lè ti dáhùn ìbéèrè àwọn olùyẹ̀wò tán, kí wọ́n ní kí ó lọ ṣe àtúnṣe sí i. Títí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì yóò fi fọwọ́ sí èsì náà, kò tíì gboyè. Ìpele mẹ́rin ni "parí" bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ ń gorí ara wọn, gbèdéke ọdún tí òfin fi lélẹ̀ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Orúkọ mẹ́rin ni ó tọ́ sí wọn: yíyege kọ́ọ̀sì, pípé yúnìtì, ìtẹ́wọ́gbà àpilẹ̀kọ, àti ìgboyè.

Ìtàn ni ó sọ ìpele náà di púpọ̀, kì í ṣe èdè. Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà; 1962 ni Ìbàdàn tó dá dúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Oxford ti gba irú oyè ọ̀mọ̀wé yìí wọlé ní 1917, àpilẹ̀kọ àti ìdánwò àfẹnudáhùn ni wọ́n gbé oyè náà kà. Ti Nsukka yàtọ̀: ní 1960 tí ó bẹ̀rẹ̀, Michigan State University ni ó tì í lẹ́yìn, ipasẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó sì tọ̀. Àṣà méjèèjì ti wọnú ara wọn ní Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga ń ka yúnìtì bí ará Amẹ́ríkà, ó sì ń jókòó níwájú olùyẹ̀wò láti òde bí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Yúnìtì gan-an kò ti inú ìmọ̀ wá. Ní 1906 ni Carnegie Foundation ní Amẹ́ríkà fi òṣùwọ̀n náà lélẹ̀ fún iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó sì bí i: kọ́lẹ́ẹ̀jì tí yóò bá jẹ nínú owó náà gbọ́dọ̀ béèrè iye yúnìtì kan pàtó lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wọlé. Àkókò ni wọ́n ń wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Nàìjíríà lónìí: yúnìtì kan dúró fún wákàtí 15 ìdánilẹ́kọ̀ọ́, èyíinì ni wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15, tàbí wákàtí 45 iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Ẹni tí ó bá pe yúnìtì ní "òṣùwọ̀n ìmọ̀" ti fún un ní iyì tí kò ní. "Òṣùwọ̀n àkókò" sún mọ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n "yúnìtì" ti mọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, kò sì sí èrè nínú lílé e jáde.

Kírẹ́dìtì ni kí ògbufọ̀ ṣọ́ra fún. Lọ́jà, àwìn ni. Ní yunifásítì, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fi iṣẹ́ rẹ̀ gbà ni, ó ti di tirẹ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí àwìn ti sọ olówó di onígbèsè. Kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ fìdí rẹmi nínú rẹ̀, tí yóò tún ṣe ní ọdún tí ń bọ̀, tí wọ́n ń pè ní kárí-ófà, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ gbèsè bá mu.

Sílábọ́ọ̀sì ni ó le jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ ní ìpìlẹ̀ tí ó dúró: àṣìkọ ni. Cicero ará Róòmù lo ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, sittybas, nínú lẹ́tà tí ó kọ sí Atticus. Ó túmọ̀ sí àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé kíká kí a lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà náà ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ṣì í tẹ̀, àṣìtẹ̀ náà sì di ọ̀rọ̀ tí ayé tẹ́wọ́ gbà. Kí àwọn tí ń fi ọdún mẹ́ta jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun kan rántí èyí.

Ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ń pè ní sílábọ́ọ̀sì. Èkínní ni ètò-ẹ̀kọ́, gbogbo kọ́ọ̀sì tí oyè kan gbà. Èkejì ni àpèjúwe kọ́ọ̀sì, ìlà díẹ̀ tí ó wà nínú ìwé ìléwọ́ ẹ̀ka. Ẹ̀kẹta ni ìlapa kọ́ọ̀sì, tí olùkọ́ ń pín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: orí-ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwé tí a ó kà, ọjọ́ tí iṣẹ́ àṣetiléwá yóò wọlé, àti bí máàkì yóò ṣe pín láàárín iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìdánwò. Ní oṣù Kejìlá 2022, àjọ tí ń mójú tó àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà, NUC, gbé ìlànà tuntun jáde fún oyè àkọ́kọ́, pé ìdá 70 nínú 100 ètò-ẹ̀kọ́ yóò jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri orílẹ̀-èdè, kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi 30 tirẹ̀ kún un. Bí ògbufọ̀ bá fi "ìlapa kọ́ọ̀sì" kọ gbólóhùn yìí, ohun tí òǹkàwé yóò gbọ́ ni pé àjọ náà ti gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbulúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, ṣe gudugudu méje fún èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ọ́fíìsì tí ń ka yúnìtì kì í ṣe ara iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́.

Ó ku àpilẹ̀kọ. Àwọn olùkọ́ kan ṣì ń lò ó fún àròkọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣeni láàánú, nítorí ọ̀rọ̀ náà bá òfin oyè ọ̀mọ̀wé mu ju bí ti Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe lọ. Ohun tí a gbé kalẹ̀ lásán ni tísíìsì ní èdè Gíríìkì. Ṣùgbọ́n "pilẹ̀" ni ó wà nínú àpilẹ̀kọ: ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó dá a sílẹ̀, kò gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí àwọn olùyẹ̀wò sì ń wá gan-an nìyẹn.

Fún ìjókòó àwọn olùyẹ̀wò yìí, "ìdánwò àfẹnudáhùn" sàn ju "ìgbèjà" lọ. Ẹni tí ó bá gbèjà ènìyàn ti gbè é nínú ìjà. Bẹ́ẹ̀, ìjà kọ́ ni olùyẹ̀wò láti òde bá wá, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè kùnà níbẹ̀. Kí "ìgbèjà" dúró fún ìpàdé ẹ̀ka, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́kọ́ ń gbé àbá ìwádìí rẹ̀ kalẹ̀. Níbẹ̀, alábòójútó rẹ̀ ṣì lè gbè é.