Èéfín funfun lówùúrọ̀: Kí mẹkáníìkì tó tú ẹ́ńjìnnì yín

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, bàbá tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ á jáde síta láti ṣáná sí Peugeot 504 tó ti ń wà láti bí ọdún 30. Ọkọ̀ á ṣáná lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í rú nídìí sàlẹ́ǹsà bí ìgbà tí wọ́n bá ń sun ewé tútù. Kí ìyá tó múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, aládùúgbò kan á ti dá ẹjọ́: “Bàbá, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì yín ti lọ nìyẹn o!” Bí ọkọ̀ náà bá wá bọ́ sọ́wọ́ mẹkáníìkì tí ebi ń pa, ẹ́ńjìnnì á di títú sílẹ̀ kó tó di ọ̀sán, owó ìfẹ̀yìntì á sì bá a lọ.

Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ omi lásán.

Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì ṣàlàyé pé bí epo pẹtiróòlù bá ń jó, omi wà lára ohun tó ń tinú rẹ̀ jáde. Bí lítà epo kan bá jó tán, omi tó ń bá èéfín rẹ̀ jáde tó bíi lítà kan. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná, ojú kì í rí omi yìí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá sun ìta mọ́jú, pàápàá lásìkò òjò tàbí ọyẹ́, èyí tó ṣẹ́ kù nínú sàlẹ́ǹsà á ti di ìkán omi, bíi ti abẹ́ ọmọrí ìkòkò. Òun ló ń di oru tó ń jáde láàárọ̀. Oru yìí kì í ki, ó máa ń tètè fọ́n ká, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti gbóná dáadáa, ó ti tán nìyẹn.

Èyí tó yẹ kó bani lẹ́rù ni èyí tó ki, tí kò sì lọ bí ọkọ̀ tilẹ̀ gbóná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi rédíétọ̀ ló ń jò wọnú ibi tí epo ti ń jó. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe tọ́pù 504, bí ọkọ̀ náà bá sì ti gbóná kọjá ààlà rí, bóyá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tọ́pù náà lè tẹ̀, kí gásíkẹ́ẹ̀tì má sì lè dí ojú ọ̀nà omi mọ́.

Bàbá lè fojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láìtú nọ́ọ̀tì kan. Láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, kó bu omi kún rédíétọ̀, kó wa ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó sì tún wò ó láàárọ̀. Bí omi bá ń dín kù, tí kò sì sí ibi tó ń jò sí nílẹ̀, ó jọ pé ẹ́ńjìnnì ló ń mu ún. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná o. Omi ibẹ̀ lè bó èèyàn lójú.

Àwọn kan máa ń sọ pé èéfín báyìí máa ń rùn bí ohun dídùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti ẹni tó ń lo kúláǹtì nìyẹn. Ẹni tó bá ń bu omi kànga sí i kò ní gbóòórùn kankan.

Ẹ tún fa gééjì ọ́ìlì yọ. Bó bá ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ abẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan ni nǹkan funfun náà wà, tí ara gééjì mọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọkọ̀ tí kì í lọ ju ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà lọ kì í gbóná tó láti lé omi inú rẹ̀ jáde. Ẹ nù ún, kí ẹ wà á lọ sí ọ̀nà jíjìn, bíi láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ tún wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nídìí ìdérí yìí gan-an ni wọ́n ti máa ń fi àìmọ̀ tú ẹ́ńjìnnì.

Ojú àgbà náà lè ṣini lọ́nà. Èéfín tó bá ní àwọ̀ búlúù díẹ̀ kì í ṣe omi, ọ́ìlì ló ń jó. Ìta gbangba ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe inú gáréèjì tí wọ́n tì pa, nítorí èéfín ọkọ̀ ń pànìyàn.

Ọ̀tọ̀ ni ti Volkswagen ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ékòó lọ́dún 1975, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnnì ìjàpá tutù, kò ní rédíétọ̀ rárá. Bó bá rú èéfín díẹ̀ láàárọ̀, ó lè jẹ́ ọ́ìlì tó rọra ṣàn wọ inú sílíńdà lóru, pàápàá bí wọ́n bá gbé e sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mẹkáníìkì tó bá wá sọ pé omi ló ń wọ ẹ́ńjìnnì ìjàpá yín, ẹ ní kó fi ibi tí wọ́n ti ń bu omi náà sí hàn yín.