Ọmọbìnrin mẹ́ta, ọkọ̀ pákó kan, àti yìnyín

Bí ẹ bá ti ti ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kú rí ní Ìgbó-Ọrà tàbí Erúwà, ẹ ti mọ ìdajì eré tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí. Bobsleigh ni wọ́n ń pè é. Ẹni méjì á ti ọkọ̀ sáré lórí yìnyín fún nǹkan bí 50 mítà, wọ́n á fò sínú rẹ̀, ó di ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́! Ẹni iwájú ń tukọ̀, ẹni ẹ̀yìn ló ń fa búréèkì. Ọkọ̀ náà á sáré ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan.

Kí ló wá kan Nàìjíríà, níbi tí yìnyín ò ti kọjá inú kúlà ẹlẹ́rìndòdò? Ṣeun Adigun ni. Òun ló sá eré onídìínà fún wa ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ ń ti ọkọ̀ fún ikọ̀ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti mọ iṣẹ́ náà. Ó wá fa Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga mọ́ra. Yunifásítì ni gbogbo wọn ti di sárésáré: Ṣeun àti Ngozi ní Houston, Akuoma ní Minnesota.

Houston gbóná bíi tiwa. Ní 2016, Ṣeun fi pákó kan ọkọ̀ tirẹ̀ nínú gáréèjì, ó sọ ọ́ ní Maeflower, kí wọ́n lè máa fi kọ́ títì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó bá ti fi pákó àti bíárìn kan ọkọ̀ ìṣeré rí ní kékeré ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tọrọ $75,000 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó náà sì pé. Ó tún di dandan kí wọ́n parí ìdíje márùn-ún kí wọ́n tó yege.

Ní February 2018, wọ́n dé Òlíńpíìkì ní PyeongChang, Gúúsù Kòríà. Kò tíì sí ikọ̀ bobsleigh kankan láti Áfíríkà, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó débẹ̀ rí. Ngozi gbé àsíá wa níbi ayẹyẹ ìbẹ̀rẹ̀; Ṣeun tukọ̀, Akuoma tì í.

Ọkọ̀ 20 ló díje. Ipò 20 ni wọ́n ṣe.

Èmi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Sárésáré lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wá láti yunifásítì, ṣùgbọ́n kọ́nà yìnyín, ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, kò sì tíì pé ọdún méjì tí Ṣeun bẹ̀rẹ̀ sí í tukọ̀. Nígbà náà, Jámánì ní ojú ọ̀nà yìnyín mẹ́rin fún eré yìí. Tiwa dà? Àwọn ará Jámánì náà ló gba góòlù, Mariama Jamanka ló sì tukọ̀ wọn. Ọmọ Gáḿbíà ni bàbá rẹ̀.